Ẹ̀gbọ́n Mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajá àti Ewúrẹ́

Bí ẹ bá dé Akpakpa, tí ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sílé Pùròfẹ́sọ̀, àwọn oní-sémì tó ń fi alùpùpù gbé èrò yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà wa láìbéèrè nǹkan kan mọ́. Pùròfẹ́sọ̀! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Adéṣọlá lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ìyá kan náà ló bí wa, Pobè la ti wá. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan tó gbà á síṣẹ́ rí. Ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ ìjọba, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kọ́nkúù, ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìloro ilé wa. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ṣe kọ́nkúù náà títí ó fi dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń gbà, kò sì yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ìdánwò kò fún un níṣẹ́, ó sọ ìdánwò fúnra rẹ̀ di iṣẹ́.

Èmi ni Fọláṣadé, aránṣọ ni mí. Yàrá tí mo ti ń ránṣọ ló kọjú sí ìloro náà, nítorí bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, etí mi ló ń wọ̀, mo fẹ́, mo kọ̀.

Ohun tó fi ń yan fanda jù lọ ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní silojísìmù. Wọn á fún ọ ní gbólóhùn méjì, wọn á ní kí o gbà pé òótọ́ ni méjèèjì, wọn á wá bi ọ́ bóyá ẹ̀kẹta tẹ̀ lé wọn. Gbogbo aláṣọ ni ọlọ́jà. Aláṣọ ni Rodiat. Nítorí náà, ọlọ́jà ni Rodiat. Ìyẹn kò le. Èyí tó ń gbé àwọn ọmọ ṣubú ni kí a yí i padà: gbogbo aláṣọ ni ọlọ́jà, ọlọ́jà ni Rodiat, ṣé aláṣọ ni? Wọn á pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi á fi ọwọ́ gbá pátákó gbàgà: “Ajá, ẹsẹ̀ mẹ́rin! Ewúrẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rin! Ṣé ewúrẹ́ ń gbó?” Wọn á ní, “Kì í gbó o, Pùròfẹ́sọ̀!” Á ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ pé *a kò lè mọ̀*. Rodiat lè máa ta ata ní ọjà Dantokpa, ó lè máa ta ẹja. Ẹ má fi ohun tí wọn kò sọ kún ohun tí wọ́n sọ. Mo ti gbọ́ ajá àti ewúrẹ́ yìí débi pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi gan-an lè dúró kọ́ kíláàsì.

Ká sòótọ́, ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ṣùgbọ́n orí pátákó nìkan ni ọgbọ́n rẹ̀ ń gbé. Bó bá ti nu pátákó tán, ó ti nu ọgbọ́n mọ́ ọn nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, ó ti padà sí Ṣakété, èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, “Obìnrin tó bá ń ro ti ọkùnrin kì í rántí iyọ̀. Iyọ̀ kò sí nínú ọbẹ̀ yìí. Nítorí náà, Fọláṣadé, ta ni ọkùnrin náà?” Èmi, opó, tí iyọ̀ tán nílé! Àgbàyà.

Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mi ò lè fara mọ́.

Ọpẹ́yẹmí ni ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Òun náà ń jókòó ní kíláàsì ìloro yẹn, nítorí ó fẹ́ ṣe kọ́nkúù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ekpè, Káyọ̀dé, tó ń tún fìríìjì ṣe. Ìgbà tó wá tún fìríìjì aládùúgbò wa ṣe ni wọ́n pàdé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í dá mi lóhùn lórí ìdúró. Tí ọmọ mi bá gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀ báyìí, á ti máa tún gèlè ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún un, kí n má parọ́. Inú mi ti ń dùn, mo ti ń wo aṣọ tí màá rán.

Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í fọmọ fún ilé tí a kò tíì wádìí. Wọn á rán ẹnì kan lọ bí ẹni tó kàn ń kọjá. Á bá aládùúgbò tàkúrọ̀sọ, á wá ẹni tó ti kó kúrò ládùúgbò rí, á fi ọgbọ́n béèrè bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá olè, bóyá wárápá, bóyá wọ́n ń lu ìyàwó. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Àwọn bàbá wa sọ ọ́, abèèrè kì í ṣìnà. Nígbà tí bàbá Ọpẹ́yẹmí kò sí láyé mọ́, ta ni ipò bàbá bọ́ sí lọ́wọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní òun fúnra òun ni yóò lọ, pé irú iṣẹ́ báyìí ń fẹ́ ẹni tó mọ ìrònú.

Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó so táì mọ́ ọrùn bí ẹni ń lọ gba oyè, ó gun sémì lọ sí Ekpè láàárọ̀. Oòrùn kò tíì mú tó fi padà dé. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà tètè dé. Ta lẹ bá sọ̀rọ̀?”

“Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní làákàyè kì í béèrè, ojú ló fi ń wò.”

Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀. “Ilé tí wárápá bá wà, wọ́n máa ń ti kànga wọn pa, kí aláìsàn má baà kó sí i. Mo yọjú wo àgbàlá wọn láti ojú títì. Irin ni wọ́n fi dé kànga, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, wárápá wà nílé wọn. Ọ̀rọ̀ ti tán.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Fọláṣadé, ìwọ ò kàwé.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ síta, pé màá ní kí ọ̀rẹ́ mi Màríámù, tó ń tajà lápá ibẹ̀, bá wa fara balẹ̀ béèrè. Ó mi orí. Mo ṣe bí orí tí ó mì yẹn túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ró kẹ̀ù nínú kíláàsì. “Lónìí, àpẹẹrẹ tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni mo mú wá. Ilé kan wà ní Ekpè, lápá òkun, géètì rẹ̀ aláwọ̀ ewé ni, ọmọkùnrin ibẹ̀ ń tún fìríìjì ṣe…” Ẹ gbà mí o! Ó rò pé nígbà tí òun kò ti dárúkọ, òun ti bo àṣírí. Ó kọ ọ́ sórí pátákó, wárápá, kànga, àgádágodo, nítorí náà.

Síṣọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó dé ojú fèrèsé, Ọpẹ́yẹmí ti dìde láàárín wọn. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti ajá àti ewúrẹ́ kọ́ lèyí? Ẹ ní ilé tó bá ní wárápá máa ń ti kànga. Wọ́n ti kànga. A kò lè mọ̀.”

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti òkè délẹ̀. “Jókòó! Ti ìdánwò ni ajá àti ewúrẹ́. Ayé lèyí.”

Ẹnì kan wà ní kíláàsì tí kò rẹ́rìn-ín, Àbídéènì, ọmọ Ekpè. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àdúgbò Káyọ̀dé ti gbọ́ pé ilé oníwárápá ni ilé wọn, àti pé ẹnu bàbá ìyàwó ló ti jáde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ọmọ mi gba Ekpè lọ. Ìyá Káyọ̀dé ló ṣílẹ̀kùn. A kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí yanrìn. Kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo. Ó lọ sídìí kànga, ó mú kọ́kọ́rọ́ tó gbé kọ́ sára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Ó ṣí i, ó fa omi, ó fi ife gbé e fún wa.

“Ewúrẹ́ ni,” ló wí. “Ewúrẹ́ ará ilé kejì kó sínú kànga yìí nígbà òjò, ó kú síbẹ̀. A gbọ́n omi títí ó fi sú wa. Látìgbà yẹn ni bàbá wọn ti ní kí a máa tì í. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè la óò sọ fún.”

Ewúrẹ́! Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí.

Ó ní, “Àwa náà rán ènìyàn wá wádìí yín. Wọ́n ní olùkọ́ kan wà nílé yín tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń ronú. Inú wa dùn, a ní ilé ọlọ́gbọ́n ni ọmọ wa ń lọ.” Ó gba ife lọ́wọ́ mi. “Káyọ̀dé ní àbúrò obìnrin méjì. Ta ni yóò wá fẹ́ wọn báyìí? Ẹnu tó pè wá bẹ́ẹ̀, ṣé òun náà la óò máa kí ní àna? Ẹ má bínú. Ọmọ yín dára, ṣùgbọ́n a ò lè ṣe é mọ́.”

Káyọ̀dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ọpẹ́yẹmí pe orúkọ rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọmọ mi sunkún láti Ekpè dé Akpakpa lẹ́yìn sémì, mo ń gbọ́ ọ lórí èyí tó gbé mi tẹ̀ lé e.

Nírọ̀lẹ́, ta ló wọlé tó ń pòṣé ebi? Mo gbé àkàsà àti ọbẹ̀ ẹja fún un, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni, kí ni mo fẹ́ ṣe? Bó ti ń jẹ ni mo ń rò fún un: kọ́kọ́rọ́, ewúrẹ́, àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn. Kò dá ọwọ́ dúró.

“Ṣé wọ́n bínú?”

“Inú wọn bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n bínú.”

“Ṣé o rí i!” Ó lá ọbẹ̀ tó wà ní ìka rẹ̀. “Ẹni tó bá ní nǹkan tó ń fi pa mọ́ ló máa ń bínú. Wọ́n bínú. Nítorí náà, òótọ́ ni mo sọ. Ewúrẹ́ kẹ̀? Ìtàn ni. Ẹ̀yin obìnrin, ẹkún yín ti pọ̀ jù. Èmi ni mo gba ọmọ yìí sílẹ̀, ó yẹ kó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́yẹmí! Ọpẹ́yẹmí dà?” Ó sì ń bá a lọ, ó ti kúrò lórí kànga, ó ti dé orí bí àwọn ará Ekpè ṣe rí, àti ohun tí ojú wa ìbá rí bí kì í bá ṣe òun.

Ọmọ mi jáde láti inú yàrá. Ojú rẹ̀ wú. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo oúnjẹ náà kúrò. Odindi ẹja ṣì wà nínú rẹ̀.

“Kí ló dé? Mi ò tíì jẹun tán!”

“Bàbá,” ni ó wí, jẹ́jẹ́, “ẹni tó bá ti yó ló máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nítorí náà, ẹ ti yó.”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, ó ń retí kí n bá ọmọ mi wí. Mo dìde, mo bu omi ìfọwọ́, mo gbé e síwájú rẹ̀.