Ilé Mẹ́wàá Lábẹ́ Igi Kan

Ọ̀gá wa ò bú mi, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ọmọ tí mo lè bí ni. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó ní, "Tàntí, ẹ bá mi wo ibí." Mo wò ó. Àwòrán ilẹ̀ Pobè ni, pẹ̀lú àwọn abà tó yí i ká títí wọ ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí. Ó yẹ kí àmì pupa mẹ́wàá fọ́n káàkiri orí rẹ̀, nítorí ilé mẹ́wàá ni mo ní mo bẹ̀ wò lọ́sẹ̀ kan báyìí. Àmọ́ gbogbo wọn ló gun ara wọn lórí lójú kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáráàjì.

Mo mọ ojú kan náà dáadáa. Igi máńgòrò kan ló wà níbẹ̀, obìnrin kan tó ń ta kọfí sì gbé bẹ́ńṣì sábẹ́ rẹ̀. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, tí èérí ọjà àná ṣì kún ilẹ̀, tí mo fi ife kọfí méjì bẹ ilé mẹ́wàá wò. N ò mọ̀ pé tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún wa máa ń kọ ibi tí èèyàn wà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dájú pé ẹni tó wá kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó sọ ọ́, àmọ́ mò ń tòògbé lọ́jọ́ náà.

Sósíà ni àwọn ará ìlú ń pè wá. Iṣẹ́ wa ni ká máa lọ sílé àwọn tí ayé ti tì kan ògiri: arúgbó tí kò lẹ́ni, ọmọ tí kò ní òbí, abirùn tí wọ́n fi sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ó lé lógún ọdún tí mo fi kàyé ṣe é, ìwé tó nípọn tí mo máa ń fi láílọ́ọ̀nù bò nítorí òjò. Ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ síbẹ̀. Nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì dé, kò bèèrè ohun tí mo rí. Ó bèèrè bóyá ẹni náà wà, bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń ṣàìsàn, bóyá ìyípadà kankan wà. Èèyàn kàn máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lábẹ́ máńgòrò, mo tẹ "kò sí ìyípadà" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo sì dá ife padà fún oníkọfí.

Mi ò ní pa irọ́ pé òjò ló fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, tí ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi sì wo ojú ọ̀run tó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ dúdú yẹn, bó bá ti di táyà mú, ó di ìgbà tí oòrùn bá ràn. Àmọ́ mo ti fi ẹsẹ̀ rìn ín rí, nígbà tí iṣẹ́ ń wù mí. Ó ti rẹ̀ mí ni, àárẹ̀ tí oorun kì í wò. Bí mo bá dé ilé kan, wọ́n á gbé àga fún mi, wọ́n á bu omi, wọ́n á ro ẹjọ́ wọn, èmi á kọ ọ́, n ó sì dìde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, n ó padà wá bá ẹjọ́ náà lórí àga kan náà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra àga yẹn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo kórìíra àwọn tó ń gbé e fún mi náà díẹ̀.

Ọ̀gá wa ní òun ò ní kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sókè. Kí n ṣáà lọ sí ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní tòótọ́, kí n tún ohun tí mo kọ kọ. Mo dúpẹ́, mo jáde, inú sì bí mi sí i, ó bí mi sí ẹ̀rọ, ó tún bí mi sí igi máńgòrò.

Ilé mẹ́jọ àkọ́kọ́ kò ní ìyípadà kankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé, ẹ ò rí i pé mo mọ̀ wọ́n, kí ni mo tún ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ sí? Ìkẹsàn-án ni ilé ìyá àgbà kan ní abà Ọ̀họ̀rí, ẹni tó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà ń lọ sí ọdún mọ́kànlá, kò gbọ́ràn, kò sì sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Òun àti ìyá àgbà ló jọ ń fi ọwọ́ sọ èdè kan tí ẹlòmíì ò gbọ́ láyé. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì dùn mọ́ mi, mo máa ń jókòó tì wọ́n títí oòrùn á fi yẹ̀, mo sì kọ èdè náà sínú kàyé mi. Kí a fa etí sísàlẹ̀: ìyá àgbà. Ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́: oorun. Kí a da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ó kú. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọn kú ni ìyá àgbà dá ìyẹn sílẹ̀. Kí a fi ìka kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́: èmi nìyẹn, Sósíà, obìnrin tó ń kọ nǹkan.

Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń to igi ìdáná, ó rí mi, ó sì fi igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kí mi kú ẹsẹ̀, ó gbé àga wá. Ó ní ìyá ti lọ, wọ́n sì ti sin ín sínú iyàrá rẹ̀. Mo bèèrè ìgbà wo. Ó kà á fún mi bí wọ́n ṣe ń kà á lọ́dọ̀ wọn: ọjọ́ kejì ọjà Pobè, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ yẹn, ni ìyá dùbúlẹ̀, kò sì rí ọjà tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kejì ọjà. Mo rí èérí ọjà àná lábẹ́ bẹ́ńṣì, awẹ́ ọsàn gbígbẹ àti ewé tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní wákàtí tí mo ń tẹ̀ ẹ́ pé ó ń jẹun, pé kò ṣàìsàn, orí ẹní ló wà.

"Ìyá ń bèèrè yín kí wọ́n tó lọ," ni ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yín ló pé yìí, pé ẹ ò ní í pẹ́ dé. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá àwọn sọ ọ́ fún ọmọ yẹn."

Mo bi í pé ọmọ dà. Ó ní àǹtí ọmọ náà, àbúrò ìyá rẹ̀, ló wá láti Sakété, ó sì mú un lọ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, nítorí a kì í jẹ́ kí ọmọdé rí irú ẹ̀. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó ní ẹni tí kò gbọ́, báwo lèèyàn ṣe máa túfọ̀ fún un?

Kàyé mi ti wà nínú àpò lẹ́yìn búrò níbi iṣẹ́ wa, pẹ̀lú tàwọn yòókù tí wọ́n fẹ́ kó dànù, nítorí ohun gbogbo ti wọ inú ẹ̀rọ. Mo da àpò mẹ́ta sílẹ̀ kí n tó rí i. Eku ti jẹ igun rẹ̀ kan, àmọ́ ojú ìwé tí mo ń wá kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ tasín tó ń lọ sí Sakété.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ni mo bá àǹtí ọmọ náà, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́, ó pọn ọmọ ọwọ́ kan. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ó ti rán aṣọ fún ọmọ náà, ó sì ń tẹ́ ẹní fún un láàárín àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó ní kì í jẹun. Ó ní láti ìdájí ló ti máa ń lọ dúró lẹ́bàá títì, bí ọ̀kadà bá sì dúró, á sáré lọ wo ojú ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Òun rò pé ó fẹ́ sá ni. Mo sọ fún un pé kò fẹ́ sá, ó ń retí ẹnì kan ni. Obìnrin náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Bẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n sọ, Tàntí, ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọmọ náà ti rí mi. Ó sáré wá láti ojú títì, ó ń fi ìka kọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń kọ orúkọ mi léraléra. Lẹ́yìn náà, ó fa etí rẹ̀, ó sì ṣí ọwọ́ méjèèjì. Ìyá àgbà dà?

Mo ṣí kàyé. Mo fa etí mi, mo da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ afẹ́fẹ́. Ó mi orí. Ó di etí mi mú fúnra rẹ̀, ó fà á, ó wá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́: ìyá àgbà ń sùn. Ó ń tún un ṣe fún mi, bí olùkọ́ ṣe ń tún un ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì í. Mo tún fa etí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ilẹ̀ gan-an, sáàárín èèpo ẹ̀gẹ́. Ó wo àǹtí rẹ̀. Omi ti ń bọ́ lójú àǹtí. Omijé yẹn ni ọmọ náà gbà gbọ́.

Ó jókòó sínú èèpo. Ó ń mú èèpo kọ̀ọ̀kan, ó ń dà á délẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí iwájú rẹ̀ fi kún. Mo jókòó tì í. N ò rántí ìgbà tí mo ti jókòó ti ẹnì kan láìwo aago kẹ́yìn.

Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè. Ó kọ orúkọ mi sí àtẹ́lẹwọ́. Ó nawọ́ sí ọ̀nà Pobè. Ó fi ìka méjì rìn lórí orúnkún rẹ̀, ó sì ju ọwọ́ dànù. Sósíà kò wá. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ọwọ́ méjèèjì, ó ń wò mí: kí ló dé?

Mo yẹ kàyé wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní oorun níbẹ̀, mo ní ebi, òjò, ewúrẹ́. Kò sí àmì fún ohun tí mo ṣe lábẹ́ máńgòrò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀rọ tí mo ń bú lè ya àwòrán tó ń rìn. Mo padà sí Sakété lọ́jọ́ kẹta, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú ọmọ náà, mo ń ṣe àwọn àmì inú kàyé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń pe ìtumọ̀ wọn. Ó kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tí mo ṣi àmì omi ṣe, ó yí padà, ó ká ọwọ́ mi bó ṣe yẹ. Ọ̀gá wa ló bá mi fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù àǹtí náà. Báyìí, àwọn ọmọ ilé ti mọ ebi, wọ́n ti mọ oorun, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ń bú àwọn yòókù ní èdè ìyá àgbà. A mú ọmọ náà lọ sí abà lọ́jọ́ kan, ó sì dojú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo orí sàréè, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Mò ń lọ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo sì ń fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ dúdú lọ sí àwọn ilé mẹ́sàn-án tó kù. Àárẹ̀ ò lọ. Ó kàn jẹ́ pé mo mọ ẹni tó ń dúró lẹ́bàá títì ni.

Nígbà tí mo tún ìwé ìyá àgbà kọ nínú ẹ̀rọ, ó bi mí ní ìdí àtúnṣe. Mo kọ ọ́ pé: "N kò lọ." Ọ̀gá wa rí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ohun tí mo kọ yẹn ò ní parẹ́ mọ́ títí láé, kí n jẹ́ kí òun fi òjò rọ́pò rẹ̀, pé òjò kúkú rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti bi mí kí ẹ̀rọ tó bi mí.