Àwọn Ìlẹ̀kùn Tí Masue Gbé Lọ Sóko Tíì

Lọ́jọ́ tí Masue yọ ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ nílé rẹ̀, tó so ó mọ́ ẹ̀yìn tó sì ń gun òkè lọ, àwọn ará abúlé rò pé orí opó náà ti dàrú ni. Ó gbé ìlẹ̀kùn lé orí òpó ọparun nínú oko tíì rẹ̀, ó sì padà wá gbé òmíràn. Àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín pọ̀. Ẹni tó bá a gbé ẹyọ kan kò sí.

Kinu, aládùúgbò rẹ̀ tó fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, dúró lójú ọ̀nà.

“Masue, ṣé o ń kó kúrò nílé ni, àbí tíì ló fẹ́ gba àlejò?”

“Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni ọmọ yẹn ń pa ni.”

Ọmọ yẹn ni Hirano, ọmọbìnrin tí ilé-iṣẹ́ kan rán wá sí gbọ̀ngàn abúlé. Wọ́n fẹ́ ri òpó irin gíga sórí òkè, kí wọ́n to sólà sórí rẹ̀, kí tíì máa hù nísàlẹ̀. Onílẹ̀ yóò máa gba owó ilẹ̀. Ará abúlé ni wọn yóò gbà síṣẹ́ láti máa fọ sólà. Bí ìjì bá sì já wáyà, iná gbọ̀ngàn kò ní kú. Gbogbo rẹ̀ dùn létí Masue, àmọ́ ohun tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni èyí tí Hirano kàn fẹnu bà kọjá: “Sólà náà á máa ṣíji bo tíì yín, Màmá.”

Irú tíì tí wọ́n ń lọ̀ kúnná ni tiwọn. Kí wọ́n tó já a, wọ́n á ta aṣọ dúdú bo gbogbo oko kí ewé má baà rí oòrùn, kó lè dùn. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ọ̀kan á di igun mú, èkejì á máa fà á lọ. Látìgbà tí Tokuji ọkọ rẹ̀ ti kú, Masue kò rí ẹni bá a di igun kejì mú. Tíì rẹ̀ ń korò, àwọn oníbàárà ń sá. Ó ti pinnu pé bí òun bá já ti ọdún yìí tán, òun á hú u. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún dọ́kàn.

Kò ní sólà, ó ní ìlẹ̀kùn. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn bó ṣe rí i nínú àwòrán Hirano. Láràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ wọn, á já ewé kan, á jẹ ẹ́ wò. Nígbà tí òjò rọ̀, omi tó ń dà létí ìlẹ̀kùn gbẹ́ ilẹ̀ títí gbòǹgbò fi yọ síta. Ó pe Hirano lórí fóònù.

“Gọ́tà máa wà létí ẹ̀, Màmá. Mi ò rántí sọ fún yín ni.”

“Kí lo tún gbàgbé?” ni Masue bi í. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé tí abúlé fẹ́ pinnu lórí sólà, Masue gbé abọ́ méjì síwájú Kinu, ẹni tó ti ń sọ pé sólà yóò ba ojú òkè jẹ́. Tíì Kinu, tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ta aṣọ bò, wà nínú ọ̀kan. Ti abẹ́ ìlẹ̀kùn wà nínú èkejì.

Kinu tọ́ èyí àkọ́kọ́ wò. “Tèmi nìyí.” Ó tọ́ èkejì wò, ó dijú. “Tìẹ nìyí. Ó ṣì ń korò díẹ̀.”

Masue ní, “Mo mọ̀.”

“Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Lọ́dún tó kọjá, mo da tìẹ nù sẹ́yìn ilé nígbà tó o kẹ́yìn sí mi. Mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́ ni.” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Kinu kò rẹ́rìn-ín. Ó na abọ́ náà padà sí i. “Po òmíràn fún mi.”

Nígbà náà ni olórí abúlé ní kí ẹni tó bá fara mọ́ sólà nawọ́. Kinu kò nawọ́. Masue náà kò lè nawọ́, torí abọ́ wà ní ọwọ́ kan, ìjábẹ̀ ọparun tó fi ń po tíì wà ní èkejì, omijé sì ti bò ó lójú.

“Ẹ ka tèmi mọ́ ọn,” ló wí. “Mi ò ní hú tíì mi mọ́.”