Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi, èéfín ń rú lẹ́yìn mi

Lónìí ni mo kí ìyá ìyàwó mi pẹ̀lú sìgá lọ́wọ́.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló fún mi ní sìgá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní màdúrò, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn ilé wa ní Lokogoma, mo ṣáná sí i. Ó kọ́kọ́ korò bíi kọfí tí kò ní ṣúgà, nígbà tó yá ó wá ń ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan. Ó wúwo lẹ́nu, ó dùn gan-an.

Àfi bí Mọ́mì, ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa, ṣe yọ sí mi. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo fi ọwọ́ tí mo fi mú sìgá pamọ́ sẹ́yìn.

"Dìde, Bàbá Tólú, kó má jó ẹ̀wù ẹ. Gbé e wá kí n tọ́ ọ wò."

Wọ́n fà á, wọ́n dijú. "Ó dùn ju tábà bàbá mi lọ."

Ni ìyàwó mi bá jáde. "Mọ́mì, kí ló ń rùn báyìí?"

Mọ́mì ti yára fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Àwọn ará ilé kejì yín ló ń sun ìdọ̀tí."

Èéfín ń rú lẹ́yìn tiwọn náà.

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o, nínú èmi àti Mọ́mì, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́?