Òrí Lára Firísà Wàlíyátù

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá Wàlíyátù jà, ẹ mú ọ̀bẹ sún mọ́ firísà rẹ̀. Èmi tí mò ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ dán an wò, kò sì gbà fún un.

Ọ̀bẹ ló pa firísà àkọ́kọ́. Ó ń fi í ha yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ara irin inú rẹ̀, bí gbogbo ẹni tó ń ta yìnyín ní Èjìgbò ṣe ń ṣe, ni ọ̀bẹ bá dá ibẹ̀ lu, gáàsì sì tú jáde. Àlíù ọkọ rẹ̀ fi òmíràn ránṣẹ́ láti Abíjáǹ. Ó ní, "Tí èyí náà bá bàjẹ́, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, kó o padà wá bá mi." Wàlíyátù ò fẹ́ padà rárá. Ọjà ọlọ́jà ló ń bá wọn tà lọ́hùn-ún. Èjìgbò ló ti dá dúró.

Ló bá fi òrí pa inú firísà àti àwọn abọ́ tó ń bu omi sí, ó wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí ọwọ́ ò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́. Nígbà tí omi dì, ó dojú abọ́ dé, ó gbá ìdí rẹ̀, yìnyín yọ gbọ̀rọ̀. Èyí tó wà lára firísà, àtẹ́lẹwọ́ lásán ló fi tì í bọ́ sílẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bá a gbé ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí Wàlíyátù lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, màmá bu òrí, wọ́n fi pa abọ́ bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun, wọn ò nù ún. Ọjọ́ kejì ni Faith, oníbàárà rẹ̀ tó ń ta sóbò ní ìlú Ara, gun ọ̀kadà dé tìbínú tìbínú. Ọ̀rá ló léfòó lójú sóbò rẹ̀.

"Àǹtí, mi ò ra yìnyín yín mọ́!"

Ẹ̀rù ba màmá. "Ìyàwó, jẹ́ ká kúkú padà sí ọ̀bẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Òrí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ lawọ́ jù."

Ó fi omi gbígbóná fọ abọ́, ó pa òrí, ó nù ún, ó ní kí Faith fọwọ́ kàn án. "Padà wá lọ́la. Tó o bá rí ọ̀rá, gbé firísà lọ." Mo ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà mi. Kí ló kó sí obìnrin yìí lórí?

Lọ́jọ́ kejì, Faith ju yìnyín sínú ife omi, gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn títí ó fi yọ́. Omi mọ́ gaara. Faith gbé e mu, ó sì ra gbogbo yìnyín tó wà nílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Àlíù pè. "Màmá ní firísà ti ń fa wàhálà. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Wàlíyátù rẹ́rìn-ín. "Mi ò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀ wálé."