Pákó Tí Wọn Kò Sè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mákún, ní Ṣàgámù, iṣẹ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ fún èmi àti Bùnmi ẹ̀gbọ́n mi ni pé kí a jókòó. Káfíńtà ni wọ́n. Wọ́n máa ń lẹ èèpo igi tó fẹ́lẹ́ bí ewé mọ́ ojú pláíwúùdù, kí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí tábìlì lè rí bí odindi igi ọ̀gànwó. Fíníà ni àwọn káfíńtà ń pe èèpo náà. Bí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á gbé pákó mìíràn lé e, wọ́n á to òkúta lé ìyẹn náà lórí, àwa méjèèjì á sì gun orí rẹ̀ kó lè tẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ la ti ń mu gàrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, ibẹ̀ la ti ń fi ojú bá àwọn ọmọ àdúgbò fo sùwé. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó ní ó tó, òun ni yóò gbá lẹ́búlẹ́bú pákó gbogbo ṣọ́ọ̀bù, yóò sì máa sín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ káfíńtà nígbà náà á mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá mi kì í ra pláíwúùdù láìsè é. Wọ́n á gé díẹ̀ lára igun rẹ̀, wọ́n á jù ú sínú ìkòkò omi, wọ́n á gbé e ka iná ìyá mi. Bó bá hó títí tí awẹ́ rẹ̀ kò ya ara wọn, ó dára nìyẹn. Bó bá ṣí bí alùbọ́sà, wọn ò ní rà á. Ìyá mi máa ń kùn pé ìkọ́kọrẹ́ òun ti fẹ́ máa rùn bíi ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi á ní, "Jẹ́ kó tú nínú ìkòkò tiwa, kó má lọ tú nílé onílé."

Àwọn kan ní Mákún àti Ibido ń fi iṣẹ́ náà ṣẹ̀sín pé páálí ni. Bàbá mi kì í bá wọn jà. Bàbá mi á kàn ní igi gidi náà máa ń lọ́ nígbà ọyẹ́, pé pláíwúùdù tó dára kì í lọ́. Wọ́n á wá tẹ́ fíníà méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìlà igi ti òsì àti ti ọ̀tún kọjú síra bí ìyẹ́ labalábá, ẹni tó ń ṣẹ̀sín á sì fọwọ́ kàn án wò.

Lọ́dọ̀ bàbá mi ni Gbénga, àbúrò wọn, ti kọ́ṣẹ́. Bàbá Kékeré ni à ń pè é. Ẹ má bínú pé mi ò fi "wọ́n" pè é níbí. Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, nítorí òun ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún wa bí a bá jẹ̀bi.

Ọdún tí mo fẹ́ wọ girama ni ìjọ kan nílùú tó múlé tì wá gbé iṣẹ́ ńlá fún bàbá mi, pé kí wọ́n fi pláíwúùdù oní-fíníà bo ògiri gbọ̀ngàn ìjọ. Àìsàn ìpá wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Ni wọ́n bá fa iṣẹ́ lé Bàbá Kékeré lọ́wọ́. Ó lọ ra pláíwúùdù olówó pọ́ọ́kú, kò sè é, ó sì lẹ fíníà tó rẹwà jù lọ mọ́ ọn. Nígbà tí bàbá mi fi ọ̀pá tilẹ̀ débẹ̀, ògiri ń dán, kò sẹ́ni tó lè rí abẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àbúrò wọn léjìká, wọ́n ní, "Gbénga, o ti jù mí lọ."

Òjò mélòó kan péré ló rọ̀ lẹ́yìn náà. Ìsàlẹ̀ ògiri wú, fíníà bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ fún àkàrà. Àwọn àgbà ìjọ wá sílé wa nígbà tí èmi àti ìyá mi ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Wọ́n gbé ègé pákó náà síwájú bàbá mi. Bàbá mi fi ìka méjì ṣẹ́ ẹ, ó sì rún bíi bisikíìtì.

Wọ́n yíjú sí àbúrò wọn tó dúró tì wọ́n, wọ́n bi í pé, "Ṣé o sè é?"

Bàbá Kékeré wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n rà á bẹ́ẹ̀."

Ìyá Àgbà, tó bí àwọn méjèèjì, pe bàbá mi wọ yàrá. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, nítorí aṣọ ni ilẹ̀kùn yàrá náà. Ilé káfíńtà ni, ẹ kò lè retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Má tú àbúrò rẹ síta. Ìwọ ti lórúkọ, òun ò tíì ní." Bàbá mi jáde, wọ́n ní, "Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Àwọn pákó ìrókò tí wọ́n ti ń tọ́jú fún ilẹ̀kùn ilé wa ni wọ́n fi tún gbọ̀ngàn náà ṣe. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ wá. Bí ìyá mi bá lọ ọjà, wọ́n á gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé, "Páálí tí a wí náà nìyẹn." Nígbà tó yá, bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n lọ ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Àkakà. Bùnmi parí girama tirẹ̀. Èmi, wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ tí a jọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Gbénga lọ ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ilé àwọn olówó ló ń fi fíníà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nípàdé ẹbí, ó máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́ òun níṣẹ́, á sì dúró síbẹ̀.

Bàbá mi kú láìsọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Gbénga ló gbé pósí wá, ó ń dán bíi dígí. Ìyá mi fi ọwọ́ pa etí pósí náà níbi tí awẹ́ pláíwúùdù ti yọjú. Wọ́n rọra bi í pé, "Gbénga, kí ló wà lábẹ́ fíníà yìí?" Ó mú áńkáṣíìfù jáde, ó nu ojú. Àlùfáà ti dé, àwọn èèyàn ti pé. Inú pósí yẹn náà la sin bàbá mi sí. Àsìkò òjò ni.

Lónìí, Ìkẹ́nnẹ́ ni mò ń gbé. Ní ayé tiwa, tí wọ́n bá fi èèpo igi bo pákó, wọ́n á ní páálí ni. Nísinsìnyí, lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni gbogbo ilé ń lò, bébà tí wọ́n ya àwòrán igi sí ni wọ́n fi ń bò ó, ọ̀làjú sì lorúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni káfíńtà kan bá mi ṣe sí ilé ìdáná láìpẹ́ yìí. Nígbà tó parí, ó ní, "Mummy, kì í ṣe igi o, bébà ni. Ẹ má jẹ́ kómi dúró lórí ẹ̀." Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tó ti bàbá mi rárá. Ṣùgbọ́n ká ní Gbénga lè sọ irú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn lọ́jọ́ tí àwọn àgbà ìjọ wá, ìdí iṣẹ́ wọn ni bàbá mi ì bá kú sí, kì í ṣe àárín ebè ẹ̀gẹ́.