Òwú Pupa Inú Báfù

Ọdún kejìlá rèé tí Samiatou ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíràn yìn. Bí ẹ bá gba Houinmè ní Àjàṣẹ́ kọjá, ẹ ó rí pátákó aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n kọ MOUKTAR SONO sí gàdàgbà. Mouktar fúnra rẹ̀ á wà lábẹ́ rẹ̀ lórí àga oníke, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, fóònù á wà létí rẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí òórùn òjé yíyọ́ ti ń jáde, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà lórí ìkúnlẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa de báfù, ìyẹn ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà jáde, mọ́ alùpùpù, kí wọ́n sì fi áńpílì tó ń fún ohùn lágbára sábẹ́ ìjókòó. Iṣẹ́ wọn kẹ̀? Iṣẹ́ Samiatou ni. Ti Mouktar ni àga oníke.

Bàbá wọn, Nazif, tó ń tún rédíò ṣe nígbà ayé rẹ̀, ló kọ́ àwọn méjèèjì. Mouktar kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan lóde, torí bọ́ọ̀lù ló gba ọkàn rẹ̀. Samiatou ló jókòó. Òun ló mọ̀ pé wáyà tó bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ á máa gbọ̀n lójú títì títí á fi já, ìdí nìyẹn tó fi ń gé e wẹ́kú. Òun náà ló mọ̀ pé téèpù nìkan kò tó láti di ojú ibi tí wáyà méjì ti pàdé, torí oòrùn Àjàṣẹ́ á yọ́ ọ, á sì ṣí. Òwú ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wé mọ́ ọn, òwú pupa, ìgbà méje, kó tó fi téèpù bò ó. Bí bàbá bá tú ẹ̀rọ kan wò, tó rí òwú yẹn, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀n-ẹ́n, ọwọ́ ọmọ mi nìyí."

Ọjọ́ tí bàbá tú wọn sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ Àjàṣẹ́ ń pè ní libérasíọ̀n, wọ́n gbé àga méjì síta. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọ aṣọ funfun, wọ́n da àtíkè lé wọn lórí, wọ́n fún olúkúlùkù ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe gbé pátákó jáde tí orúkọ kan ṣoṣo wà lára rẹ̀. Samiatou bi bàbá léèrè pé orúkọ tòun ńkọ́.

"Ìwọ ń lọ sílé ọkọ," ni bàbá wí. "Àbí oníbàárà wo ló fẹ́ gbé alùpùpù rẹ̀ fún obìnrin?"

Ó lọ sílé ọkọ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n ránṣẹ́ pè é padà, torí alùpùpù kan ti jóná mọ́ Mouktar lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti wà níbẹ̀. Bàbá kú, pátákó kò kú. Bí oníbàárà bá gbé nǹkan rẹ̀ lọ, tí ohùn ń dún rẹ́gí, Mouktar ni wọ́n á bọ̀ lọ́wọ́. Inú á bí Samiatou, á gbé e mì. Ó ti gbé e mì títí ó fi kún un dé ọ̀nà ọ̀fun.

Lóṣù tó kọjá ni bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tọ́ntọ́n Désiré gbé alùpùpù tirẹ̀ wá. Àgùdà ni, ọmọ àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì padà dé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ìwé ẹrù ní ẹnubodè Kraké kó tó fẹ̀yìn tì. Alùpùpù rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí àwọn onízẹ́mì tó ń fi alùpùpù gbérò ń gùn. Alùpùpù ìrìn-àjò ni, ó gbórín bí ọmọ màlúù, ó ní gíláàsì níwájú, ó ní àpótí méjì lẹ́yìn. Mouktar wà lórí fóònù, nítorí náà Samiatou ni bàbá náà bá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ariwo ọkọ̀ ẹrù Kraké ti jẹ etí mi," ló wí. "Bí mo bá ti dé akoto, tí atẹ́gùn ń fẹ́, báfù tó bá alùpùpù yìí wá kò yàtọ̀ sí ẹ̀fọn. Marcelline ìyàwó mi wà ní Kútọnu lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó ń rí dókítà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wò ó. Ó máa ń gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn náà gbọ́, Tọ́ntọ́n?"

"Rárá o! Èmi nìkan."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Samiatou lára. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó yọ àwọn báfù kéékèèké ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Ó fa wáyà nínípọn láti ara bátìrì lọ sí áńpílì tuntun lábẹ́ ìjókòó. Ó de báfù méjì mọ́ ọwọ́ alùpùpù, ó dojú wọn kọ ẹni tó ń wà á. Ó de méjì sẹ́yìn, níbi èjìká. Kò fi ìdánwò iṣẹ́ rẹ̀ mọ sí inú ṣọ́ọ̀bù. Ó dé akoto, ó gun alùpùpù náà, ó tan án, ó fi ohùn ẹnì kan láti orí fóònù dán àwọn báfù náà wò, ó gbé e dé ẹ̀bá ọ̀sà, ó sì padà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló yé e ketekete. Ó wá ní kí Yasser dúró sí ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Yasser ni onízẹ́mì tó máa ń fi alùpùpù kéde òkú káàkiri ìlú, òun náà gbé tirẹ̀ wá ṣe lọ́jọ́ náà.

"Kí lo gbọ́?" ni Samiatou bi í.

"Mo gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ."

Inú Samiatou dùn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì jáde ní Houinmè rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ sí Kraké lọ ra báfù tí Yasser nílò. Mouktar dé láti mọ́ṣáláṣí, ó tan alùpùpù Tọ́ntọ́n Désiré, ó dúró níta gbangba, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan gidi. Ó ní àbùkù rèé! Báfù mẹ́rin, kí ẹni kan ṣoṣo máa gbọ́ ọ? Gbogbo báfù tó ti abẹ́ pátákó rẹ̀ jáde láti ọdún méjìlá, títì ló ń dojú kọ. Èyí tó ń kéde òkú, èyí tó ń polówó ọṣẹ, èyí tó ń kó èèyàn lọ síbi bọ́ọ̀lù, títì ni gbogbo wọn. Ní tirẹ̀, kò sí ohun mìíràn tí èèyàn ń fi báfù ṣe ní Àjàṣẹ́. Ó tún wò ó pé bí alùpùpù ńlá yìí bá ń pariwo la ìlú kọjá, gbogbo ayé á bèèrè ẹni tó ṣe é. Kò pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù tó ń fi gbogbo ọjọ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tú ìdè àwọn báfù, ó yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta. Wáyà kò tó mọ́, torí Samiatou ti gé e wẹ́kú. Ó gé e, ó so òmíràn mọ́ ọn, ó fi téèpù dì í.

Ní Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ló fa alùpùpù náà lé bàbá lọ́wọ́. Samiatou, tí kò tíì yẹ alùpùpù náà wò láti ìgbà tó ti Kraké dé, wà nínú, ó dojú bolẹ̀ lórí iṣẹ́ Yasser. Ó gbọ́ tí Tọ́ntọ́n Désiré ní, "Mouktar, o ṣé o," ó tún gbé e mì.

Ní Mọ́ńdè, bàbá náà padà wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó pa alùpùpù náà síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí akoto.

"Ta ló ṣe é?" ló pariwo. "Ta ló ṣe nǹkan yìí?"

Mouktar dìde. "Tọ́ntọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ ọ́ fún wọn. Ní Sátidé yẹn, nígbà tó dé oríta Dowa, níwájú ilé rẹ̀ gan-an, ohùn Marcelline wọlé sórí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè gbọ́. Kò gbọ́ dáadáa, torí ohùn náà ń lọ síta, kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ló bá yí i sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́ síbẹ̀, ó yí i sókè dé ìpẹ̀kun. Nígbà yẹn ló wá gbọ́ ọ, gbogbo Dowa náà sì gbọ́ ọ: "Désiré, dókítà ti pè mí. Ọmú òsì ni wọ́n máa gé kúrò. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni, má sọ fún àwọn ọmọ, títí n ó fi fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

"Àwọn aládùúgbò ti ń bọ̀ wá bá mi kẹ́dùn kí n tó bọ́ sílẹ̀," ni bàbá wí. "Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ mi obìnrin ti pè láti Parakou, ó ń sunkún, ó ní ta ló kú. Marcelline dé lánàá. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ta ló ṣe é?"

Mouktar gbé ọwọ́ sókè, ó na ìka sí inú ṣọ́ọ̀bù.

"Samiatou ni," ló wí. "Òun ló ṣe gbogbo ẹ̀, Tọ́ntọ́n. Èmi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé obìnrin ni."

Ara Samiatou gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé orí. Ọdún méjìlá! Ọdún méjìlá ló ti ń retí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dárúkọ rẹ̀ lójú oníbàárà, ọjọ́ tó wá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀bi ló fi gbé e. Ó jáde, ó mú ọ̀bẹ kékeré àti tọnavíìsì tó fi ń tú ìdè lọ́wọ́. Tọ́ntọ́n Désiré ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a lójú, Samiatou kò sì dá a lẹ́bi.

"Èmi ni mo ṣe é lóòótọ́," ló wí. "Ẹ bá mi wo nǹkan kan."

Ó kúnlẹ̀, ó bó téèpù tó wà lábẹ́ ìjókòó, níbi tí wáyà ti wọ áńpílì. Òwú pupa yọ, ìgbà méje. Ó bó ti ara bátìrì. Òwú pupa. Ó wá lọ sí ẹ̀yìn báfù àkọ́kọ́, ó fà á bó. Téèpù lásán, ó ti ń yọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ó bó ti èkejì, ti ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹrin. Kò sí òwú kankan níbẹ̀.

"Mi ò so wáyà pọ̀ láìwé òwú rí láyé mi," ló wí. "Èmi dojú wọn kọ yín, Tọ́ntọ́n. Ẹlòmíràn ló yí wọn."

Yasser tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. "Tèmi náà ní òwú pupa. Gbogbo alùpùpù tí mo mọ̀ tó jáde níbí ló ní in. Àṣé ìwọ ni?"

Mouktar wo ilẹ̀, ó wo títì, ó wá rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Mo rò pé ó ṣàṣìṣe ni. Ta ló ń ra báfù kí ará ìta má gbọ́? Mo fẹ́ tún un ṣe fún un ni."

"O fẹ́ tún un ṣe?" Ohùn Samiatou lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá dúró. "Fòfó, ìwọ ẹ̀gbọ́n mi, o ò mọ ìdí tí bàbá yìí fi gbé e wá, o ò béèrè! Àṣírí obìnrin kan lo tú sójú títì yẹn, o tún wá ní obìnrin ni mí!"

Ó yíjú sí Tọ́ntọ́n Désiré. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, ìbínú ni, kì í ṣe ẹkún.

"Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀," ló wí. "Ká ní mo ti sọ láti ọjọ́ yìí pé iṣẹ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi kì bá tí láyà láti fọwọ́ kàn án. Mo dákẹ́. Ìyàwó yín ló jìyà ìdákẹ́ mi."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Èmi kọ́ ló yẹ kí o sọ ìyẹn fún," ló wí. "Marcelline ni."

Samiatou yí báfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń wà á, ó gé wáyà wẹ́kú, ó wé òwú, ó di téèpù. Gbogbo wọn dúró tì í títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó tẹ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já irinṣẹ́ sílẹ̀ lára ògiri. Ó mú irin tó fi ń yọ́ òjé. Ó mú ẹ̀mú mẹ́ta, ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná.

Mouktar kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Kó tìrẹ nìkan o! Má fọwọ́ kan tèmi."

"Tèmi nìkan ni mò ń kó."

Ó kó tirẹ̀ nìkan lóòótọ́, èyí tó fi owó ara rẹ̀ rà àti èyí tí bàbá fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe tán, ìṣó lásán ló kù lára ògiri náà. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Mouktar. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni róólù téèpù kan, òun ló sì dì mú.

Samiatou ti ẹrù rẹ̀ sínú àpótí ẹ̀yìn alùpùpù, ó gun ẹ̀yìn Tọ́ntọ́n Désiré. Dowa ni wọ́n ń lọ, lọ́dọ̀ Marcelline. Bí bàbá ṣe tan iná alùpùpù ni Mouktar sáré jáde.

"Samiatou! Alùpùpù Yasser ńkọ́? Ó ti wà ní títú! Òkú tí wọ́n máa sin lọ́la ló fẹ́ kéde!"

Samiatou ń dé akoto lọ́wọ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ni kó ṣe é."