Ewé Gbòdògì àti Ohùn Ìyá Olùkọ́

Òórùn ewé gbòdògì tútù ni mo máa ń gbọ́ bí mo bá rántí ọdún yẹn, ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn obì. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ní Ṣàgámù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń jókòó yí apẹ̀rẹ̀ ká, tí wọ́n ń fi ewé di obì tí ọkọ̀ máa gbé lọ sókè Ọya. Igun kan níbẹ̀ ni mo gbé kọ̀ǹpútà mi sí, torí pé ibẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń ṣàn kọjá létí mi bí omi.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, ìyá àgbà ará Ìlárá, ló gbé iṣẹ́ kan fún mi. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kó ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ jọ, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò sọ mọ́, wọ́n sì ti fi ẹnu ara wọn ka gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Èmi wá fi ṣe áàpù: o tẹ ọ̀rọ̀ kan, o gbọ́ ohùn wọn. Àmọ́ àìsàn ti mú wọn lọ́fun. Dókítà ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má lè sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ni kí áàpù náà máa ṣiṣẹ́ nílé-ìwé tí wọ́n ti kọ́ni ní Ìlárá kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà tó pé.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gbó, Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí wọn, kò sì sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Linux lèmi náà ń lò, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Mo gbé áàpù náà débẹ̀ nínú fláàṣì. Lórí àkọ́kọ́, ó yọjú, ó pòórá. Lórí ìkejì, ó ní òun ń wá nǹkan kan tóun ò rí. Lórí ìkẹta, àpótí kéékèèké ló bo gbogbo ibi tó yẹ kí lẹ́tà olámì bíi ẹ, ọ àti ṣ wà, kò sì fọhùn. Ìyá olùkọ́ wò ó títí.

"Ọ̀fun ń dun òun náà," wọ́n ní, pẹ̀lú ohùn tó ti há. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo padà sí Ṣàgámù, mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi bí mo ti lè ṣe é: pé inú kọ̀ǹpútà tí áàpù náà bá dé ló ti ń tọrọ ohun tó máa fi ṣiṣẹ́, pé èyí tó wà nílé-ìwé kò sì ní in. Wọn ò gbójú kúrò lára obì ọwọ́ wọn.

"O ti wá jókòó tì wá látọjọ́ yìí," wọ́n ní. "Ṣé o ti rí wa ká gbé obì lọ sókè Ọya, ká wá máa wá ewé lọ́hùn-ún?"

Ewé ń bá obì rìn ni, ọ̀rẹ́ mi. Ojú mi ló ń rí i lójoojúmọ́, tí mi ò rí i. Mo yá kọ̀ǹpútà tó gbó bíi ti ilé-ìwé, orí rẹ̀ ni mo ti di áàpù náà lọ́tun. Gbogbo ohun tó ń tọrọ ni mo dì mọ́ ọn, lẹ́tà olámì, ohun tó ń gbé ohùn jáde, títí tó fi di fáìlì kan ṣoṣo bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ran lẹ́nu. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ fún un láṣẹ kó ṣiṣẹ́, ó parí.

Nígbà tí mo padà dé ilé-ìwé náà ní Ìlárá, ó ku ọjọ́ kan kí ìyá olùkọ́ wọ ọsibítù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú áàpù náà ni "lèsí", bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń béèrè pé ta ni, bí èèyàn bá kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ ẹ́. Ohùn wọn àtijọ́ jáde, ó mọ́ gaara: "Lèsí?"

Ọmọ náà ò tiẹ̀ ronú. "Èmi ni, mà."

Ìyá olùkọ́ fọwọ́ bo ẹnu wọn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, ṣùgbọ́n ohùn lọ. Torí ibi tí àwa fúnra wa ò ní lè bá nǹkan dé la ṣe ń dì í. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Bí mo bá kanlẹ̀kùn ìyá olùkọ́ nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ni. Mo ṣì máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì máa ń dáhùn pé, "Èmi ni, mà."